Pírójẹ́ẹ̀tì Orí Àtẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kan òbí, ó kan ọmọ, ó sì kan àwa tí wọ́n ń pè ní olùkọ́ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ni, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì, tí àwọn kan ti sọ di ọjà títà.

Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì tàbí pólì wa. Ẹ ó rí ìsọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó ń di ìwé. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ wọn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka pátákó tó wà lára ògiri. Ẹ ó rí ìsọ̀ tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé pírójẹ́ẹ̀tì wà fún títà, láti Orí Kìíní dé Orí Karùn-ún, tòun ti ìwé ìbéèrè àti àkójọ ìwé ìtọ́kasí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló tún pọ̀ sí. Wọ́n á to ẹ̀ka ẹ̀kọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìṣirò owó, ìmọ̀ ìjọba, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́, àkọlé á tò lọ rẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ìwé á sì wọlé sórí WhatsApp rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gba ọ̀nà náà kọjá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí ọmọ bá dé ọdún tó máa fi gboyè, ilé ìwé á ní kó mú ìbéèrè kan, kó wádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Olùkọ́ kan ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Orí márùn-ún ni iṣẹ́ náà sábà máa ń ní. Orí Kìíní ni yóò ti sọ ohun tó fẹ́ wádìí. Orí Kejì ni àyẹ̀wò iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀: ta ló ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí rí, kí ló sọ, ibo ló bá a dé. Orí Kẹta ni ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣèwádìí, Orí Kẹrin ni ohun tó rí, Orí Karùn-ún sì ni àgbálọgbábọ̀. Ẹni tó ń lọ fún oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé á kọ irú rẹ̀ tó gùn, tó sì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ohun tí ojú mi ti rí, Orí Kejì ni wọ́n ń rà jù. Ọmọ mìíràn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pín ìwé ìbéèrè, á ṣe Orí Kẹrin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n á ra Orí Kejì. Òun ló ń fẹ́ kí ènìyàn jókòó kàwé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwa olùkọ́ náà ti jẹ́ kó dà bíi pé ohun ìfikún ojú ìwé lásán ni, tí a bá ń sọ fún wọn pé Orí Kejì yín kéré, ẹ lọ fi nǹkan sí i.

Ní ọdún kan, wọ́n ní kí n gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹlòmíràn ti ń tọ́ sọ́nà tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Àkọlé rẹ̀ dá lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti òwò àwọn obìnrin ọjà ní Òṣogbo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó mọ́ lójú, ó sì nípọn. Mo ṣí Orí Kejì. Nínú gbogbo ìwé tó tọ́ka sí, kò sí èyí tó kọjá 2009, bẹ́ẹ̀ Orí Kìíní ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo ṣí Orí Kẹrin, mo bá kà á níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin Òṣogbo tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló ń tajà ní ọjà Ogbete.

Mo ní, “Ọmọ mi, ọjà Ogbete dà ní Òṣogbo?”

Ó ní, “Mà?”

Mo ní, “Mo mọ Ìgbóǹnà, mo mọ Ọjà Ọba, mo mọ Olúọdẹ. Ogbete ńkọ́? Apá ibo ló wà?”

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọjà ńlá ìlú Enugu ni Ogbete. Ẹni tó ta iṣẹ́ náà fún un ti ní kí kọ̀ǹpútà yọ Enugu kúrò níbi gbogbo, kó fi Òṣogbo dípò rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kò sẹ́ni tó rán an sí Ogbete. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní àkọlé yìí, kò sí ẹni tó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju irọ́ inú ìwé náà lọ, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Mo dá ìwé náà padà fún un. Mo ní kó lọ sí Ìgbóǹnà, kó jókòó ti àwọn aláta, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rówó ṣòwò, kó sì wá ka nǹkan díẹ̀ lórí owó àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tó padà dé, àbàwọ́n ata wà lára ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Àwọn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà ń sọ pé owó oṣooṣù inú ẹgbẹ́ ló ń gbé òwò obìnrin ró. Àwọn aláta ní tàwọn kò rí bẹ́ẹ̀, pé ata kì í dúró de ìparí oṣù. Bí ata bá fi ọjọ́ mélòó kan jókòó lórí àtẹ, ó ti ń rà nìyẹn, owó tí wọn yóò fi ra òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá alájọ tó ń gbowó lójoojúmọ́ ṣe. Àwọn aláṣọ, tí ọjà tiwọn lè dúró, ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́. Nínú ìwé tí ọmọ yìí kà, kò sí èyí tó ya aláta sọ́tọ̀ kúrò lára aláṣọ. Obìnrin ọjà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ó ti rí ohun kan tí kò sí nínú ìwé. Iṣẹ́ tó wá kọ kò nípọn tó ti àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dán tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ jókòó bi í ní ìbéèrè, òun ló ń ṣàlàyé ọjà fún wa.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí nìyí. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ibi tí a ti ń gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni Orí Kejì, ká lè mọ ibi tí ọgbọ́n tiwa máa bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá ka ohun tí wọ́n ti kọ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò ní í mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláta jẹ́ nǹkan tuntun. Á kàn gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ewì wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London. Ìwé tó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní 1966, The Content and Form of Yoruba Ijala, kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ lórí ìjálá tó lè fò ó dá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bádé Àjùwọ̀n dé. Kò tún ìjálá kọ. Ìrèmọ̀jé ló gbá mú, èyí tí àwọn ọdẹ ń sun nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1982. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ilé-Ifẹ̀, lọ gbé ní Òkukù, ó fetí sí oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà. Ìwé tirẹ̀ lórí rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, ẹ ó rí i bí ìmọ̀ ṣe ń rìn: láti ẹnu ọdẹ nígbà àríyá, dé ẹnu ọdẹ nígbà ọ̀fọ̀, dé ẹnu ìyàwó ilé àti àgbà obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kà wọ́n fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: àwọn ọdẹ tó di ẹ̀ṣọ́ àdúgbò láyé ìsinsìnyí ńkọ́? Ìjálá wo ni wọ́n ń sun? Ta ni wọ́n ń sun ún fún? Kò sí ìsọ̀ tó ń ta ìbéèrè yẹn.

Àyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tilẹ̀ lè dá dúró kó jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Lórí ọ̀ràn tí à ń sọ yìí gan-an, ní 2018, Philip Newton ti Yunifásítì Swansea ní Wales kó àwọn ìwádìí jọ tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ṣe láti 1978 wá, níbi tí wọ́n ti bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá wọ́n ti sanwó fún ẹlòmíràn rí láti bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ìwé. Àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn jẹ́ 54,514. Bí a bá da gbogbo ọdún pọ̀, 3.5 nínú 100 ló jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láti 2014, ó ti di 15.7 nínú 100. Àwọn tó jẹ́wọ́ nìyẹn o. Ìwádìí kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn wá. Ẹni tó jókòó, tó kà wọ́n, tó sì tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ léra, ló rí i pé ọ̀ràn náà ń gbilẹ̀.

Níbo wá ni ọjà yìí ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú kọ̀ǹpútà ìsọ̀ ìtẹ̀wé ni. Ọmọ ẹni á gbé iṣẹ́ tó fi oṣù púpọ̀ ṣe lọ síbẹ̀, wọ́n á bá a tẹ̀ ẹ́, á sanwó, á máa lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ. Ó kù sínú kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ ìlú, wọ́n á tà á ní Ìlọrin. Bó bá tún yá, wọ́n á tà á ní Kàdúná. Olè ni, ẹ má jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, sọ pé ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tirẹ̀ ni ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àwọn àrólé rẹ̀ ló sì ni ín fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ yín tọkàntọkàn, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ta á. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí òfin ti ka ìwé àpilẹ̀kọ gboyè títà fún akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. New Zealand fòfin dè é ní 2011, Ireland ní 2019. Ọsirélíà ṣe tiwọn ní 2020, ẹni tó bá sì ń ta iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. England ṣe òfin tiwọn ní oṣù kẹrin ọdún 2022: ẹni tó ń ta á àti ẹni tó ń polówó rẹ̀ ló rú òfin náà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì ní Nairobi ní Kenya ló ń kọ ọ́ lóru, torí wọn kò rí iṣẹ́ tó yẹ wọ́n ṣe. Patricia Kingori, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford tí wọ́n bí ní Kenya, tẹ̀ lé wọn nínú fíìmù The Shadow Scholars tó jáde ní 2024. Àwọn ọmọ tó lè kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé fún ẹlòmíràn, tí kò sẹ́ni tó máa fún àwọn fúnra wọn ní àǹfààní ìwé náà. Ó yẹ kí ìyẹn dun gbogbo ọmọ Áfíríkà.

Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa tó wà ní Britain ń gbọ́ ètò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ṣe oyè kejì níbẹ̀, a mọ ohun tí ojú yín ń rí. Owó ilé ìwé wúwo, wákàtí 20 péré ni òfin gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ọmọ ń bẹ nílé, ìgbà tí wọ́n máa gba àpilẹ̀kọ sì ń sún mọ́. Ẹnì kan á wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun á bá yín kọ ọ́. Ẹ má dá a lóhùn. Bí yunifásítì bá lé yín, ẹsẹ̀ físà yín náà yẹ̀ nìyẹn. Bí wọn kò bá sì mú yín, ọ̀rọ̀ kò tíì tán: àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ náà ti kìlọ̀ pé àwọn tó ń tà á máa ń padà wá halẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó san owó sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á tú u fó. Wọ́n tilẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti gboyè, tó ti ríṣẹ́.

Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ, ti dé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ lọ sí ìsọ̀ mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ kọ Orí Kejì fún àwọn. Ẹ̀rọ náà á kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á dán, á tọ́ka sí ìwé pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún. Ẹ lọ wá ìwé náà kiri, ẹ lè má rí i, torí kò sí ẹni tó kọ ọ́ rí. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York gbé irú rẹ̀ lọ síwájú adájọ́, wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ tí kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a rí. Adájọ́ ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí agbẹjọ́rò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ni ká retí lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì ka ìwé kan parí lórí ohun tó ń kọ?

Àwọn yunifásítì wa ti ra ẹ̀rọ tó ń wá ohun tí wọ́n dà kọ jáde. Àwọn kan ń lo Turnitin, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀, náà sì ti gbé EagleScan kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá jọra ni ẹ̀rọ ń rí, kò mọ ẹni tó ronú. Àwọn kan ti wà báyìí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ padà títí ẹ̀rọ kò fi ní í dá a mọ̀. Ẹ̀rọ kò sì lè bi ọmọ pé Ogbete dà ní Òṣogbo. Olùkọ́ tó bá ka ìwé náà ló lè bi í.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. A ń bínú sí ọmọ tó ra Orí Kejì, bẹ́ẹ̀ àwa náà kò kà á. A wo iye ojú ìwé, a wo bí wọ́n ṣe to àwọn ìwé ìtọ́kasí, a buwọ́ lù ú. Mo mọ ohun tó fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kó fún ẹnì kan pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí a wọlé padà, wọ́n ń fi ìkánjú kó sáà ẹ̀kọ́ pọ̀ kí ọdún má baà lọ, ìwádìí kì í sì í bá ìkánjú rìn. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àkọlé tí à ń fún wọn ńkọ́? “Ipa tí èyí ń kó lórí ìyẹn: ìlú báyìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.” Ọdọọdún la ń fún wọn ní irú rẹ̀. Àkọlé tó jọra ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti tà á ní ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Bí a bá fún ọmọ ní ìbéèrè kékeré tó jẹ́ ti ọjà kan, ti àdúgbò kan, ti odò kan, ẹni tó ń tà á kò ní í ní i lọ́wọ́. Bí a bá sì ní kó mú ìwé ìbéèrè tí àwọn ènìyàn fọwọ́ kọ wá, kó mú ìwé tó ń kọ nǹkan sí wá, kó jókòó síwájú wa kó sọ ohun tó wà nínú ìwé mẹ́ta péré nínú èyí tó tọ́ka sí, a ó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìpalára rẹ̀ kì í dúró sí ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì tí kò kọ́ bí a ṣe ń dá ìwádìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun náà ni yóò wo fídíò lórí WhatsApp pé ewé kan ń wo àtọ̀gbẹ sàn, tí yóò sì sọ fún aláìsàn kó jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀. Ẹnjiníà tí kò kọ́ láti béèrè pé báwo lẹ ṣe mọ̀, ó lè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí irin tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé. Ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ìbéèrè yẹn ni Orí Kejì tó rà.

Nígbà tí a bá sì gbà kí wọ́n ta apá kan ìwé-ẹ̀rí, odindi rẹ̀ náà á dọjà. Ẹ rántí ìparí ọdún 2023, nígbà tí akọ̀ròyìn Umar Audu ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí oyè yunifásítì kan ní Kutọnu ní orílẹ̀-èdè Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì fi lọ sin ilẹ̀ baba òun pẹ̀lú àwọn àgùnbánirọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn ọmọ wa tó fi ọdún púpọ̀ kàwé ní tòótọ́ níbẹ̀ náà fara gbá a. Ẹni tó jẹ̀bi kò dá nìkan jìyà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kò sí ìwé. Google Scholar ń bẹ lórí fóònù yín. AJOL, tó ń kó ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà jọ láti 1998, ní ọ̀pọ̀ tí ẹ lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò Research4Life ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa rí ìwé ìmọ̀ olówó gọbọi kà. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín bóyá tiyín wà nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ń bẹ ní Ìbàdàn, ti Hezekiah Oluwasanmi ń bẹ ní Ifẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì máa ń dùn bí wọ́n bá rí ọmọ tó fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kà, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀: Ta ló sọ ọ́? Kí ló sọ? Báwo ló ṣe mọ̀? Kí ló fi sílẹ̀ láìsọ? Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé 15, Orí Kejì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kò ní í dán bí èyí tí wọ́n ń tà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ni ẹ̀bẹ̀ mi kẹ́yìn wà fún, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó náà, yálà ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Kí ọmọ yín tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn adìwé, ẹ pè é jókòó. Ẹ kò nílò kí ẹ ti lọ sí yunifásítì kí ẹ tó lè ṣe èyí. Ẹ ní kó sọ fún yín ní Yorùbá ohun tó wádìí, àwọn tó bá sọ̀rọ̀, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti sọ, àti ohun tó yà á lẹ́nu níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Bó bá ń wolẹ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má bú u, ẹ má sì fún un lówó ìdìwé. Ẹ ní kó padà lọ ṣe é.